Díìsìkì Kún Lóru

Ní Sutherland, South Africa, aago méjì òru, kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán. Ẹ wò ó, kámẹ́rà onípíksẹ́lì 4096 × 4096 ni, báìtì 2 fún píksẹ́lì kan: àwòrán kan ń lọ sí mẹ́gábáìtì 33, 30 rẹ̀ ti di gígábáìtì kan.

Mo ti fẹ́ pa àwọn flat àná rẹ́, ìyẹn àwòrán tí a fi ń yọ òjìji eruku kúrò, àfi bí mo ṣe rántí pé mi ò tíì ṣe ẹ̀dà wọn. Tí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ àná wọmi nìyẹn. Ni mo bá dá kámẹ́rà dúró, mo da gbogbo ẹ̀ sórí díìsìkì míì, mo fi checksum yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà náà pé, kí n tó pa ẹyọ kan. Wákàtí kan gbáko ló lọ. Ìràwọ̀ mi ò kúkú dúró dè mí. Ó ti wọ̀.

Báyìí, kí oòrùn tó wọ̀ ni mo ti ń tẹ df -h, kí n mọ iye àyè tó kù.