Iyọ̀ Inú Omi àti Ẹ̀fọ́ Ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà tí Abímélékì ṣẹ́gun Ṣékémù, ó wó ìlú náà palẹ̀, ó sì fọ́n iyọ̀ sí i (Àwọn Onídájọ́ 9:45). Àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko lè mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọn kò jìnnà sí ọ̀sà. Nígbà òjò, odò Yewa àti àwọn odò mìíràn a máa ti omi òkun sẹ́yìn; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò bá fà, omi òkun a wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀.

Ẹni tí ó bá bu irú omi bẹ́ẹ̀ sí ilá tàbí ẹ̀wà, òùngbẹ ni ó fi ń pa á. Iyọ̀ a di omi mú nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní lè fà á tó. Ewé a rọ, etí rẹ̀ a jó, bí ẹni pé ọ̀dá ni. Owó tí ìyá ọmọ fi ra irúgbìn a bá a lọ. Àgbọn ní tirẹ̀ a máa fara dà á.

Ẹ tọ́ omi kànga wò kí ẹ tó lò ó, nítorí kànga mìíràn náà a máa níyọ̀. Ìdí ọ̀gbìn ni kí ẹ bu omi sí ní òwúrọ̀, kì í ṣe orí ewé. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè, kí oòrùn má bàa fa omi lọ kí ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dára. Tútù rẹ̀ ní iyọ̀ tirẹ̀.

Ní Sierra Leone, níbi tí a dá ibùdó ìwádìí ìrẹsì Rokupr sílẹ̀ ní 1934, àwọn àgbẹ̀ etí omi oníyọ̀ a máa dúró kí òjò fọ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin ìrẹsì. Ebè tí iyọ̀ bá ti wọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ de òjò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.