Àkáǹtì Ìfẹ̀yìntì Olùkọ́ àti Àwọn Ilé-iṣẹ́ tí Owó Náà Wà ní Ìkáwọ́ Wọn

Ìfáàrà
Nínú àjọ dídá, ọwọ́ alájọ kan ṣoṣo ni owó máa ń wà. Òun ló ń gbà á, òun ló ń pa á mọ́, òun náà ló sì ń san án padà. Bí alájọ bá sá lọ, owó ti lọ nìyẹn. Ètò owó ìfẹ̀yìntì tí òfin gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́, nítorí pé ọjọ́ tí olùkọ́ bá gba iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àkáǹtì náà
Ṣáájú ọdún 2004, inú ètò ìṣúná ọdọọdún ni ìjọba àpapọ̀ ti ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bí owó kò bá tó, àwọn àgbà a máa dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí tiwọn gbà. Òfin ọdún 2004, tí ti ọdún 2014 rọ́pò, sọ ọ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dáwó sí. Òṣìṣẹ́ Adeyemi Federal University of Education ní Oǹdó àti ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ wà lábẹ́ òfin yìí. Ní ti olùkọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbà, òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kí ó wò.

Ó kéré tán, òṣìṣẹ́ ń dá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń dá 10. Bí owó tí a fi ń ṣírò bá jẹ́ ₦100,000, ₦18,000 ni yóò wọ inú àkáǹtì lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ ló ni àkáǹtì náà. Bí ó bá pààrọ̀ iṣẹ́, yóò máa bá a lọ.

Ọwọ́ ta ni owó wà?
Ilé-iṣẹ́ oríṣi méjì ló pín iṣẹ́ náà ṣe. Èkíní ni alábòójútó, bíi Stanbic IBTC Pension Managers àti Premium Pension. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tó wù ú. Alábòójútó ló ń ṣí àkáǹtì, òun ló sì ń pinnu ibi tí a ó fi owó dókòwò sí, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni olùpamọ́, bíi First Pension Custodian àti Zenith Pensions Custodian, tó ń gba owó tí ó sì ń tọ́jú ìwé ohun tí a fi rà. Òfin kò gbà kí alábòójútó kó owó fún olùpamọ́ tí òun ní ìpín nínú rẹ̀. PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣọ́ àwọn méjèèjì.

Ìpín àkáǹtì
Láti oṣù keje ọdún 2018 ni a ti ń pín owó sí ọ̀wọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ọ̀wọ́ Kejì ni ti ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún. Ọ̀wọ́ Kẹta ni ti ẹni tó ti pé 50 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀wọ́ Kẹrin ni ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kí a fi owó òun ra ṣíà ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sí i lè béèrè fún Ọ̀wọ́ Kìíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu àdánù pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìkádìí
Pínpín iṣẹ́ báyìí dínà fún olè, ṣùgbọ́n kò lè mú owó tí a kò san wọlé. Nítorí náà, kí olùkọ́ máa fi ìwé owó oṣù rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ tí alábòójútó ń fi ránṣẹ́. Bí oṣù kan bá fò, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Olùkọ́ tí kò yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kò ní mọ̀ bí igbá tirẹ̀ ti ń jò.