Ṣé Dandan Ni Kí Onígbàgbọ́ Gé Igi Odán?

Ọ̀rọ̀ igi odán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré wa ti di àríyànjiyàn láti JSS 1 títí dé SS 3. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà ní kí ọ̀gá àgbà jẹ́ kí wọ́n gé e. Wọ́n ní àdán pọ̀ lórí ẹ̀, àti pé àwọn àgbà máa ń sọ pé iwin ń pàdé lábẹ́ odán lọ́sàn-án gangan. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, mi ò sì kọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa kí àwọn tó ń gégi tó dé, torí igi tí wọ́n bá ti gé, ó lọ nìyẹn.

Ìtàn tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni ti Gídíónì, nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 6. Ọlọ́run ní kó wó pẹpẹ Báálì tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀, kó sì bẹ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ náà lulẹ̀. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1611 pè é ní igbó. Ṣùgbọ́n Áṣérà ló wà níbẹ̀ ní èdè Hébérù. Orúkọ òrìṣà obìnrin kan ni, wọ́n sì tún ń fi orúkọ náà pe òpó igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní fi kọ òpó dípò igbó. Ẹ tún wo ẹsẹ 11 nínú orí kan náà, ẹ máa rí i pé abẹ́ igi ni áńgẹ́lì jókòó sí nígbà tó wá bá Gídíónì. Kò sẹ́ni tó ní kó gé ìyẹn.

Àṣà gígé igi láti fi agbára Jésù hàn ti pẹ́ ṣá. Ní nǹkan bí ọdún 723, Boniface, míṣọ́nnárì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé igi ńlá kan tí àwọn ará Geismar ní Jámánì ń bọ, ó sì fi pákó ẹ̀ kọ́ ilé àdúrà. Mo gbà pé ó nígboyà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ ìyẹn. Ta ló ń bọ odán tiwa? Àwọn tó ń ta gúgúrú ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Ní Kẹ́ńyà, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lójú Wangari Maathai. Ọmọ Kíkúyù ni, wọ́n bí i ní 1940 lágbègbè Nyeri. Nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá ẹ̀ bá rán an lọ ṣẹ́gi, ó máa ń kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ lára mugumo kan tó wà nítòsí ilé wọn, torí igi Ọlọ́run ni. Odò kékeré kan wà tí kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń fi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ṣeré, tó ń rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ó lọ sílé ìwé àwọn sísítà Kátólíìkì, ó sì kàwé dé Amẹ́ríkà. Nígbà tó padà wálé, ẹni tó ni ilẹ̀ náà ti gé mugumo kó lè ráyè gbin tíì. Odò ọ̀hún gbẹ.

Maathai ti di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn, ó sì mọ ohun tó fà á. Gbòǹgbò mugumo máa ń wọlẹ̀ jìnnà, ó ń la àpáta kọjá dé ibi tí omi wà nísàlẹ̀, omi á wá bá ojú ọ̀nà yẹn gòkè, á sì sun jáde níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Gbòǹgbò kan náà ló ń di ilẹ̀ mú kó má ya lulẹ̀. Ó tún sọ pé nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ àwọn èèyàn òun pé ọ̀run ni Ọlọ́run wà, pé kì í gbé orí Òkè Kẹ́ńyà, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún igbó ibẹ̀ bá a lọ. Ní 1977, ó dá Green Belt Movement sílẹ̀. Wọ́n ti gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30 nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìbátan odán ni mugumo? Ficus làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe méjèèjì. Ficus náà ni ọ̀pọ̀tọ́, àti síkámórè tí Sákéù gùn kó lè rí Jésù.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ igi fún àwọn baba wa. Igbó àìwọ̀ ò nílò ọlọ́pàá. Ìgbàgbọ́ wá lé ìbẹ̀rù yẹn lọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí la fi rọ́pò ẹ̀? Jẹ́nẹ́sísì orí 2 ẹsẹ 15 sọ pé Ọlọ́run fi èèyàn sínú ọgbà kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì máa dáàbò bò ó. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ yẹn ti wà kí wọ́n tó jẹ èso kankan.

Etiópíà ò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹrin ni ẹ̀sìn Kristi ti wà níbẹ̀. Lágbègbè Gondar, oko àti ibi ìjẹko màlúù ti gba ilẹ̀ tán. Tí èèyàn bá wò ó láti òkè, ilẹ̀ gbígbẹ ló máa rí, pẹ̀lú igbó roboto roboto níbí àti lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì Tewahedo ló wà láàárín wọn. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ ní aṣọ ilé Ọlọ́run ni igbó náà. Alemayehu Wassie, onímọ̀ igbó tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, àti Margaret Lowman láti Amẹ́ríkà bá wọn ṣètò ògiri òkúta yí àwọn igbó kan ká, kí màlúù má bàa jẹ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Inú oko àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti ṣa òkúta, ìyẹn sì rọ àwọn àgbẹ̀ náà lọ́rùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àdán. Èso odán ni wọ́n ń wá jẹ, wọn ò wá ṣèpàdé. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á fò lọ, wọ́n á sì yàgbẹ́ kóró ẹ̀ síbòmíì, bí odán míì ṣe ń hù nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ àdúrà sọ tó jẹ́ òótọ́: ẹ̀ka gbígbẹ tó nà sórí òrùlé JSS 2 léwu, ó sì lè já lọ́jọ́ tí ìjì bá jà. Ìyẹn la fẹ́ kí wọ́n gé. A ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n gé ẹ̀ka náà, kí wọ́n sì fi igi sílẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé Press Club, ẹni tó bá gbà pẹ̀lú wa lè wá fọwọ́ sí i nígbà bíréèkì. Ààyè ẹgbẹ́ àdúrà náà wà níbẹ̀.