Ibi Tí Agbára Ààrẹ Dé, Àti Ibi Tí Ààlà Rẹ̀ Wà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbàdúrà fún Ààrẹ orílẹ̀-èdè wa nínú ìjọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí Pọ́ọ̀lù kọ́ Tímótì pé kí ìjọ má ṣe gbàgbé àwọn aláṣẹ nínú àdúrà (1 Tímótì 2:1-2). Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti parí tí a jáde sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ a yí padà. Gọ́tà tó dí ní Agége, Ààrẹ ló fà á. Pàǹtírí tó kún ẹnu ọjà, Ààrẹ ló fà á. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, Ààrẹ náà ni.

Ewu wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá gbà pé òun ló ń ṣe gbogbo ibi, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbà pé òun nìkan ló lè ṣe gbogbo ire. Báyìí ni a ṣe ń fi ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ṣe òrìṣà láìmọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wò ó: kí ni ìwé òfin gbé lé Ààrẹ lọ́wọ́, kí sì ni kò gbé lé e lọ́wọ́?

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀

Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ọdún 1999, Ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè, òun náà ni olórí ìjọba àpapọ̀, òun sì ni ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọmọ ogun. Òun ló ń yan àwọn mínísítà, ó kéré tán ẹnì kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gbé ètò ìṣúná lọ síwájú àwọn aṣòfin, òun ló sì ń fọwọ́ sí òfin. Ọlọ́pàá, owó náírà, pápákọ̀ òfuurufú tó wà ní Ìkẹjà, àti owó ibodè lórí ẹrù tó ń ti òkè òkun wọlé, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ṣíftì ní Ọgbà, Òrégún àti Ìkẹjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí owó ibodè lórí ọjà òkèèrè bá wálẹ̀, ọjà tí ẹ ń ṣe níbí lè kùtà. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Owó epo àti iná tó wọ́n, pẹ̀lú táyà òkèèrè tó pọ̀ lọ́jà, wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ohun tí Ààrẹ ń ṣe ní Àbújá kò kan ìkòkò ọbẹ̀ wa.

ÀÀLÀ TÍ ÒFIN FI YÍ I KÁ

Àwọn àgbà ní, bó ti wù kí ọbẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mínísítà tí Ààrẹ yàn kò lè wọ ọ́fíìsì títí àwọn aṣòfin àgbà yóò fi fọwọ́ sí i. Kò lè ná kọ́bọ̀ nínú owó ìjọba tí òfin kò fọwọ́ sí. Kò lè kéde ogun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì pàdé pọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbé àbá òfin wá fún un, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí òun. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ó di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ nìkan kọ́ ló pa á láṣẹ. Àwọn aṣòfin ló ṣe é lófin, òun sì fọwọ́ sí i.

Sáà méjì péré, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ni òfin fún un. Ní ọdún 2006 àwọn kan fẹ́ tún ìwé òfin ṣe kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lè lo sáà kẹta. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé aṣòfin àgbà da àbá náà nù, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Òfin sì tún là á sílẹ̀ bí a ṣe lè yọ Ààrẹ tó bá hùwà àìtọ́ ńlá nípò: Adájọ́ Àgbà yóò yan ènìyàn méje láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èyí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Aláàfin tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà níwájú rẹ̀.

ỌDÚN TÍ WỌ́N DÁ OWÓ KÁNSÙ WA DÚRÓ

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2004 ni ó fi ààlà yìí hàn jù lọ. Ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 tuntun sílẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dìbò sí gbogbo wọn ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹrin, Ààrẹ Ọbásanjọ́ pàṣẹ fún mínísítà ètò ìnáwó pé kí ó má ṣe san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé owó yìí ni ìrètí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré àti òṣìṣẹ́ kánsù. Ẹjọ́ àwọn ńlá ni, ṣùgbọ́n ilé mẹ̀kúnnù ni ìyà rẹ̀ lè já sí.

Èkó kò kó tọ́ọ̀gì jáde. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ. Kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí òun náà padà di Igbákejì Ààrẹ ní 2015. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ náà, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún Ààrẹ pé òfin kò fún un lágbára láti di owó náà mú. Wọ́n sì sọ fún Èkó pé ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Báyìí ni 37 náà ṣe di ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè. Ìdí nìyẹn tí Orílé-Agége fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége, tí Òjòdú àti Onígbọ̀ngbò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkẹjà. Síbẹ̀, ó di ọdún 2007, lábẹ́ Ààrẹ Umaru Yar'Adua, kí owó náà tó jáde tán.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Gómìnà ìgbà náà di Ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn gómìnà, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé gómìnà kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, kí a san án tààrà fún wọn. Ẹni lè pààrọ̀ àga, ṣùgbọ́n ààlà wà ní àyè rẹ̀.

OHUN TÍ ỌLỌ́RUN TI SỌ ṢÁÁJÚ

Ọlọ́run ló kọ́kọ́ fi ààlà sí agbára ọba. Kí Ísírẹ́lì tó ní ọba rárá ni òfin ti sọ pé ọba kò gbọdọ̀ kó ẹṣin, aya àti wúrà jọ rẹpẹtẹ, àti pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé òfin, kí ó máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ (Deutarónómì 17:14-20). Ùsíà jẹ́ ọba tó ṣe rere púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ tẹ́ńpìlì láti ṣe iṣẹ́ àlùfáà, ọgọ́rin àlùfáà dojú kọ ọ́. Ẹ̀tẹ̀ ló bá jáde níbẹ̀ (2 Kíróníkà 26:16-21).

Àwọn kan yóò ní Róòmù 13 kò gbà wá láyè láti bi aláṣẹ léèrè. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ náà ló bi balógun ọ̀rún léèrè bóyá òfin gbà á láti na ọmọ Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ (Ìṣe 22:25). Ó bọlá fún aláṣẹ, ó sì mọ òfin. Méjèèjì kò ta ko ara wọn.

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí ẹ kàn. Ọ̀rọ̀ ọjà, gọ́tà àdúgbò àti pàǹtírí, kánsù ni kí ẹ gbà lọ. Ọ̀rọ̀ owó ibodè, ọ̀dọ̀ aṣojú yín ní Àbújá ni. Èkejì, bí ẹ bá ń tò láti dìbò Ààrẹ, ẹ má ṣe sùn sílé lọ́jọ́ ìdìbò kánsù. Ẹ̀kẹta, nínú àdúrà ìdílé, ẹ dárúkọ adájọ́, aṣòfin àti káńsẹ́lọ̀ pẹ̀lú Ààrẹ, nítorí àwọn ni Ọlọ́run fi ń ṣọ́ ààlà náà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ pé ìtẹ́ kan ṣoṣo ni kò ní ààlà, kì í sì í ṣe èyí tó wà ní Àbújá.

Kí Olúwa fún àwọn tó ń ṣàkóso wa ní ọkàn tó ń bẹ̀rù òfin Rẹ̀, kí ó sì fún àwa náà ní ọgbọ́n láti gbé ní ìlú bí ọmọ ìmọ́lẹ̀. Àmín.