Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames nígbà òtútù

Nígbà tí ooru bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní England, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ṣì máa ń rin ìrìn ìgbẹ̀yìn ọdún lórí odò Thames. Ó dùn, èrò kì í pọ̀. Àmọ́ òjò àsìkò yẹn lè mú kí odò ṣàn kíkankíkan. Ẹ kọ́kọ́ wo pátákó tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Environment Agency ń gbé kọ́ síbi àwọn ìlẹ̀kùn omi, láti Teddington lọ sókè odò. Bó bá jẹ́ pupa, kí ọkọ̀ gbogbo dúró.

Omi tútù gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Bí kò bá tó ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹni tó bá já sínú rẹ̀ á ṣàdédé máa mí gúlegúle, ó sì lè fa omi símú, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ẹ má bá omi jà. Ẹ fẹ̀yìn lé omi, kẹ́ ẹ léfòó títí èémí á fi balẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté.

Bẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ amóoru nínú ọkọ̀, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀: gáàsì carbon monoxide tó lè jáde látinú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani.