Omi Òde, Omi Inú: Bí Kóòtù Ọdẹ Àbàtà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọdẹ ẹyẹ omi ní etí òkun Ìlú Ọba, ìlúgọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Òru ló ń jí. Yóò wọ ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà, yóò la ẹrẹ̀ kọjá nínú òkùnkùn, yóò sì fara pamọ́ sínú kòtò kan láàárín koríko àbàtà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí pẹ́pẹ́yẹ igbó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá. Ní England, 1 oṣù Kẹsàn-án ni òfin gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí wọn. Lókè ilẹ̀, ó parí ní 31 oṣù Kìíní. Létí òkun, ó di 20 oṣù Kejì. Inú òtútù gan-an ni iṣẹ́ náà bọ́ sí, òtútù ọ̀hún kì í sì í ṣe irú ọyẹ́ tiwa tó ń la ètè. Ti etí òkun Norfolk àti ti Solway, omi ló máa ń gùn wá.

A máa ń sọ pé kóòtù ń mú ara gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ẹni ló ń ṣe ooru. Iṣẹ́ kóòtù ni láti há afẹ́fẹ́ mọ́ ìtòsí ara, torí afẹ́fẹ́ tó bá dúró lójú kan kì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ. Omi ní tirẹ̀ ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tí omi bá ti gba àyè afẹ́fẹ́ nínú aṣọ, òtútù ti wọlé nìyẹn, bó ti wù kí aṣọ náà nípọn tó. Ìdí nìyí tí kóòtù tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí nínú fi ń já ọdẹ kulẹ̀: bí ìyẹ́ náà bá ti rin, á lẹ̀ pọ̀, kò ní lè há afẹ́fẹ́ kankan mọ́. Lára pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀, ìyẹ́ òde tó le ló ń bo ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tó wà nísàlẹ̀ kí omi má kàn án. Irun àgùntàn sàn jù lábẹ́ kóòtù, torí bó tilẹ̀ fa omi mu, ooru díẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Omi tí à ń sọ yìí, ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Òjò àti ìjì òkun ń bọ̀ láti òde. Òógùn ń ti inú jáde, ẹni tó bá sì ti fi ṣòkòtò rọ́bà la ẹrẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn àti ẹrù lẹ́yìn mọ bí òógùn ṣe ń pọ̀ tó. Dídí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ní 1823, Charles Macintosh ará Glasgow gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ méjì tó fi rọ́bà yíyọ́ lẹ̀ pọ̀. Omi kò lè wọ̀ ọ́ rárá. Àmọ́ òógùn náà kò lè jáde. Ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òjò, yóò sì rin gbingbin láti inú wá.

Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1969, Robert Gore ń gbìyànjú láti na ọ̀pá PTFE ní Amẹ́ríkà, ìyẹn irú nǹkan tí wọ́n ń fi tẹ́ inú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Ó ń mú un gbóná, ó ń rọra fà á, ó ń já. Inú bí i, ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá náà kò já. Ńṣe ló gùn gbọọrọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé ó ti ya sí ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí wọ́n bá fi ṣe awọ fẹ́lẹ́, ihò tó wà ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró lé ní bílíọ̀nù kan. Ihò kọ̀ọ̀kan kéré sí ẹ̀kán òjò ní nǹkan bí ìlọ́po 20,000, bẹ́ẹ̀ ló tóbi ju ẹyọ oru omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 700. Omi tó bá jẹ́ omi máa ń di ara rẹ̀ mú, PTFE kì í sì í gbà á mọ́ra, torí náà kò lè fún ara rẹ̀ wọ ihò náà àfi tí ohun tó wúwo bá tì í. Oru ní tirẹ̀ ti já sí ẹyọ-ẹyọ, ó ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Aṣọ tí wọ́n lẹ awọ yìí mọ́ dé ọjà ní 1976. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ fi rí i pé òróró ara ń di ihò náà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n wá fi awọ mìíràn tí kò ní ihò rárá bo inú rẹ̀. Oru ń yọ́ wọnú èyí, ó sì ń gba òdìkejì jáde.

Ibi tí àwọn olùtajà kì í fẹ́ dé nìyí. Oru kì í jáde lásán. Ibi tó ti pọ̀ ló ti ń lọ síbi tó ti kéré. Bí ojú òde kóòtù bá gbẹ, ọ̀nà là. Àmọ́ bí òjò bá ti rẹ aṣọ òde yẹn títí tó fi dúdú, omi ti di ọ̀nà pa, aṣọ náà yóò tutù, oru inú yóò sì padà di omi lára rẹ̀. Ọdẹ yóò fọwọ́ kan inú kóòtù, yóò ní ó ń jò. Kò jò. Òógùn òwúrọ̀ rẹ̀ ló padà wá bá a. Nítorí náà, oògùn ojú òde tó ń mú kí omi yí dànù ṣe pàtàkì tó awọ inú tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ polówó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́míkà onífúlórínì ni wọ́n ń lò fún un. Kì í jẹrà nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi, wọ́n sì ti ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní 2022 ni ilé iṣẹ́ Gore tó ń ṣe awọ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta awọ tuntun tí kò ní in. Àwọn oògùn tuntun lè lé omi, wọn kò lè lé òróró, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi kun ìbọn lóróró nu apá kóòtù.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kóòtù ńkọ́? Bí wọ́n bá kọ 10,000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ náà lè gbé omi tó ga tó mílímítà 10,000, ìyẹn mítà 10, kó tó jò. Òjò kì í tẹ aṣọ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ tí ẹ fi tì sílẹ̀ àti okùn àpò lórí èjìká ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní tèmi, n kò ní torí 20,000 san owó ìlọ́po méjì. Ojú rírán ni n ó wò. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá ti di ihò, nítorí náà ẹ yí inú kóòtù síta kí ẹ wò ó bóyá téèpù bo gbogbo rẹ̀, títí dé abẹ́ kọ́là. Nọ́ńbà kejì, tó ń sọ bí oru ṣe ń jáde sí, kò ṣe é gbára lé púpọ̀: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Àwọn kan ṣì fara mọ́ òwú tí wọ́n fi ìda rẹ, irú èyí tó sọ Barbour ti South Shields, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, di olókìkí. Kì í pariwo, ẹ̀gún kì í sì í tètè ya á. Àmọ́ ó wúwo, ó ń le gbagidi nínú òtútù, ẹ ó sì máa fi ìda kùn ún lákọ̀tun. Èyí tó wù mí jù nínú aṣọ olówùú ni Ventile. Ará wa tí òjò ń pa ní Manchester lè má mọ̀ pé ìlú náà ni wọ́n ti ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fún awakọ̀ òfuurufú tó bá já sínú òkun. Òwú onífọ́nrán gígùn ni, wọ́n hun ún pinpin. Bí omi bá kàn án, fọ́nrán náà á wú, á sì dí àlàfo ara wọn.

Ariwo ṣe pàtàkì nínú kòtò ọdẹ. Ní ìsọ̀, ẹ fi apá kóòtù ra ara wọn lẹ́bàá etí: èyí tó bá ń dún pàràpàrà, ẹ dá a padà. Ẹ wọ aṣọ irun àgùntàn sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbé ìbọn lé èjìká. Bí ẹ̀yìn bá fún, tàbí tí apá bá fà kúrò lọ́rùn ọwọ́, kò yẹ yín. Ọrùn ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ṣe é dì pinpin, torí ọwọ́ tó bá wà lókè, òjò á ṣàn gba inú apá aṣọ dé abíyá. Kí kóòtù má gùn ju ìdí lọ bí ẹ ó bá wọ ṣòkòtò rọ́bà, kí etí rẹ̀ má baà máa wọ́ nínú omi. Àpò ọta nílò ihò ní ìsàlẹ̀ tí omi yóò máa gbà jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń rìn lọ, inú àpò ẹ̀yìn ni kí kóòtù wà, àyàfi tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ dé ibùba tán, ẹ jẹ́ kí ara yín rọ̀ díẹ̀, kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Fífọ kóòtù ńkọ́? Ọṣẹ lásán máa ń ṣẹ́kù sára aṣọ, á sì máa fa omi mọ́ra. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fi oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ kún un. Bí ìwé ara kóòtù bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ pẹ̀lú ooru díẹ̀, torí ooru máa ń jí oògùn ojú òde. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí èjìká rẹ̀. Bí omi bá ṣù tó sì yí dànù, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí ojú aṣọ bá dúdú, ẹ ra oògùn tuntun kí ẹ fọ́n ọn sí i.