Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Amrita Sher-Gil àti àwọn ará abúlé

Ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Paris, kí ló ń wá lọ́dọ̀ àwọn ará oko Íńdíà?

1. Budapest ni wọ́n bí i sí ní 1913. Ará Hungary ni ìyá rẹ̀, ará Íńdíà ni bàbá. Ó padà sí Íńdíà ní 1934, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sáàrì.

2. Àwọn tálákà àgbègbè olókè Shimla ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ẹ wo “Hill Women” (1935): aṣọ gígùn, ìborí tó wálẹ̀ dé èjìká, ojú tó fà ro. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò kùn wọ́n láti fi wu àlejò o! Ohun tá a fẹ́ràn jù nìyẹn.

3. Ó rìnrìn àjò lọ sí gúúsù, ó wá ya “Brahmacharis” ní 1937. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ró aṣọ funfun mọ́dìí, wọn ò wọ ẹ̀wù. Funfun yẹn ló gbé àwọ̀ ara wọn yọ.

4. Ọmọ ọdún 28 péré ni nígbà tó kú ní 1941. Lónìí, òfin Íńdíà ò gbà kí wọ́n ta iṣẹ́ rẹ̀ sókè òkun.

Aṣọ ìlú yín wo lẹ máa fẹ́ kí ayàwòrán kùn? Ẹ sọ fún wa, kẹ́ ẹ sì pín in fún ọ̀rẹ́.